Ọ̀gá Ẹ-Dìde àti Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Ìtìjú

Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ìtàn yìí sílẹ̀ di ìgbà mìíràn, torí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n fi ìkánjú bá òun lò. Oyè rẹ̀ nìkan, kí èèyàn tó pè é tán, itọ́ á ti gbẹ lẹ́nu: Ọ̀gá Pátápátá fún Ọ̀rọ̀ Ṣọ́ọ̀bù, Ìsọ̀, Kíósì àti Ohunkóhun Tó Bá Ti Ní Ilẹ̀kùn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi "ohunkóhun tó bá ti ní ilẹ̀kùn" kún un, lọ́jọ́ tó gbọ́ pé oyè ọ̀gá àwọn panápaná gùn ju tòun lọ. Iṣẹ́ tí ìjọba gbé lé e lọ́wọ́ gan-an kò ju kó yẹ ìwé àṣẹ àwọn oníṣòwò kéékèèké wò lọ́dọọdún, kó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, kó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ náà kéré. Òun náà rí i pé ó kéré, ìdí nìyẹn tó fi ń fẹ̀ ẹ́.

Ẹ-Dìde ni àwọn èèyàn ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ti ń bọ̀ láàárọ̀, ọkùnrin tó ń gbé báàgì rẹ̀ á ṣáájú, á máa ké pé "Ẹ dìde, ẹ dìde," gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì á sì dìde, àti aboyún àti bàbá tó ń fi ọ̀pá rìn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ti dìde tán ni Ọ̀gá rántí pé òun gbàgbé awò ojú òun sínú mọ́tò. Ó padà lọ mú un. Wọ́n jókòó. Ó tún wọlé. Wọ́n tún dìde. Ó wá sọ fún igbákejì rẹ̀ pé ti ẹ̀ẹ̀kejì yẹn tilẹ̀ wọ òun lára ju ti àkọ́kọ́ lọ, àtọjọ́ náà ló sì ti ń gbàgbé nǹkan sínú mọ́tò.

Nínú ọ́fíìsì yìí, kò sẹ́ni tó ń dédé sọ ohun tó gbé e wá. Ìpọ́nlé ló ń ṣáájú. Ẹ ti gbọ́ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Lọ́dọ̀ Ẹ-Dìde, òun ló ń yọ òǹtẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀. Bí ìpọ́nlé rẹ bá kúrú, wọn á ní kó o padà wá lọ́la. Bó bá mọ níwọ̀n, wọn á fún ọ níjòókòó. Bó bá gùn, tó dùn, tí ohùn rẹ sì gbọ̀n díẹ̀ níparí rẹ̀, òǹtẹ̀ á dún gbàà. Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í gbóhùn sókè, ló máa ń jókòó ti àwọn tó bá jẹ́ àlejò, tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́. Ẹ má fojú kéré ọkùnrin yìí. Látọjọ́ tó ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìpọ́nlé, kò sẹ́ni tó bi í rí bóyá òun náà gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ọ̀kan tọ́ wò. Ṣúmẹ́kà kan, ẹni jẹ́jẹ́ tó kàn fẹ́ sún àpótí iṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ òjìji, dúró níwájú tábìlì, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ọ̀gá tí ojú rẹ̀ ń ríran gba inú ògiri," ó wí, "ọ̀gá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀, tí ilẹ̀ á dúpẹ́, ọ̀gá tí òǹtẹ̀ rẹ̀ bá dún, tí ààrá á máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni òun tún ń ṣe lókè."

Ẹ-Dìde ti pa ojú dé. "Dúró," ó ní. "Tún ibi ilẹ̀ yẹn sọ."

Ṣúmẹ́kà tún un sọ. Wọ́n ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn. Nígbà tó fi máa gbàṣẹ láti sún àpótí rẹ̀ sábẹ́ òjìji, òjìji ti kúrò níbẹ̀.

Wàyí o, ní òdìkejì títì, níbi tó dojú kọ ọ́fíìsì yìí gan-an, ni ẹ̀gbọ́n Ẹ-Dìde obìnrin ti ń ṣe alágbàfọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọmọ ìyá ni o, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n àdúgbò. Òun ló pọ̀n ọ́n lẹ́yìn nígbà tí ìyá wọn ń lọ sẹ́nu iṣẹ́, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó ta ohun tó lè tà, ó gba ṣọ́ọ̀bù tóóró kan, ó ra ẹ̀rọ ìfọṣọ àti áyọ́ọ̀nù, ó sì fi tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ dàgbà. Bí ẹ bá wọ ibẹ̀, ooru áyọ́ọ̀nù ló máa kọ́kọ́ kí yín, lẹ́yìn náà òórùn ọṣẹ, lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá rí aṣọ tó fi hángà rọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ẹni pé èrò kún inú ilé tí kò sẹ́ni tó lórí nínú wọn.

Ohun tó máa ń dà á láàmú tẹ́lẹ̀ ni fóònù. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni àwọn oníbàárà ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè pé ṣé aṣọ àwọn ti ṣe tán, ṣé àbàwọ́n yẹn lọ, ìgbà wo ni wọ́n ń tilẹ̀kùn. Á gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, á nu ọwọ́, á tẹ ìdáhùn, á padà bá áyọ́ọ̀nù. Nígbà tó jó ṣòkòtò ọkọ ìyàwó kan ní ibi tí wọ́n fi ń jókòó, ọmọbìnrin rẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó fi ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n kan, èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní AI, sórí fóònù ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìyá á kàn sọ ọ́ lẹ́nu pé ti tọ̀hún ti ṣe tán, àbàwọ́n ti lámọ̀ọ́rín kò lọ, ẹ̀rọ á bá a kọ ọ́ sílẹ̀ létòlétò, òun á kà á, á tún ibi tó bá wọ́ ṣe, á sì fi ránṣẹ́. Nǹkan kékeré ni, àmọ́ obìnrin náà wá ń jẹun nígbà tí oúnjẹ ṣì gbóná. Ẹni tó bá ti ń dá ṣòwò á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fẹ́ tán, ló bá kọjá títì lọ sí ọ́fíìsì àbúrò rẹ̀. Igbákejì fẹ́ kọ́ ọ ní ìpọ́nlé, obìnrin náà ní kó má ṣèyọnu. Ó dúró níwájú tábìlì, ó fi ìwé sílẹ̀.

"Àbúrò mi, kú iṣẹ́ o," ó wí. "Ìwé àṣẹ mi rèé, ó ti fẹ́ tán. Bá mi lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, mo fi aṣọ sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ."

Ẹni tó ń gbé báàgì wo ilẹ̀. Ẹ-Dìde fi awò ojú rẹ̀ wo obìnrin tó kọ́ ọ ní okùn bàtà bí ẹni ń wá orúkọ rẹ̀.

"Màdáámù," ó ní, "tí mo bá ti jókòó sórí àga yìí, mi ò ní ẹ̀gbọ́n. Ìpọ́nlé yín dà?"

"Ìpọ́nlé kẹ̀? Èmi tí mo pọ̀n ọ́ títí ẹ̀yìn fi ro mí, ṣé mo tún máa wá pọ́n ọ lé kí n tó fọṣọ?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì, ó sì yára sọ ọ́ di ikọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ká Ẹ-Dìde lára ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti ìwé náà padà, ó sì sọ fún un níṣojú gbogbo èèyàn pé bí oṣù bá parí tí òǹtẹ̀ òun kò sí lórí ìwé náà, wọ́n á fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa bí wọ́n ṣe ń ti ti ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kò ṣeré. Ó mú ìwé rẹ̀, ó lọ. Ó dùn ún wọnú egungun, àmọ́ kò jẹ́ kí wọ́n rí i.

Bí wọ́n bá bi mí, ibi tó yẹ kí Ẹ-Dìde ti ronú nìyẹn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ mélòó kan sí i, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù náà bí ẹni tó ń kọjá lọ, kó lè wò ó bóyá ẹ̀rù ti ń ba ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá a níbi tó jókòó jẹ́ẹ́ tó ń jẹun, tí ìdáhùn sì ń lọ bá àwọn oníbàárà láti orí fóònù. Ó ní báwo. Obìnrin yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń di kùnrùngbùn, ó ṣàlàyé fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin: ó ń bá mi kọ ọ́, èmi á kà á, bó bá dára mo fi ránṣẹ́. Ẹ-Dìde gbọ́ "ó ń bá mi kọ ọ́." Ó gbọ́ "mo fi ránṣẹ́." Èyí tó wà láàárín kò wọlé sí i létí.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó gun orí àpótí kan tí wọ́n fi káàpẹ́ẹ̀tì bò.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó bẹ̀rẹ̀, "mo dùbúlẹ̀, mi ò lè sùn. Kí ló fà á? Mo wo ìlà àwọn tó wà níta, mo rí i pé wọ́n pọ̀. Mo wo ọjọ́, mo rí i pé ó kúrú. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn gbé ìpọ́nlé mi wá, oòrùn ń pa wọ́n, ilẹ̀ ń ṣú bá wọn, wọ́n sì ń gbé e padà sílé láìsọ ọ́. Ìpọ́nlé mi ń bàjẹ́ nínú ìlà!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Igbákejì nu ojú. Ẹ-Dìde wá kéde pé òun á ra ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n tirẹ̀, èyí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á lè máa pọ́n òun lé sí lẹ́ẹ̀kan náà láti inú ilé wọn. Ó tún fi òfin kan dé e lórí, pé nítorí ọ̀rọ̀ ẹni ńlá kì í padà sẹ́yìn, ohunkóhun tí òǹtẹ̀ bá ti lù kò ní ṣe é yí padà títí ọdún á fi yípo, ì báà jẹ́ òun fúnra òun ló fẹ́ yí i. Ẹ rántí pé òun ló sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Mi ò bá a fi kún un.

Obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ó bi Ọ̀gá pé òfin wo ni kí ẹ̀rọ máa tẹ̀ lé. Ọ̀gá ní òfin tí ọ́fíìsì ti ń tẹ̀ lé láti ọjọ́ yìí náà ni: ẹni tó bá pọ́n òun lé dáadáa, kí wọ́n fún un lóhun tó bá béèrè, ẹni tí kò bá pọ́n òun lé, kó padà wá lọ́la.

"Ohun yòówù tó bá béèrè, sà?"

"Ohun yòówù."

Obìnrin náà họrí. Ó ní ẹ̀rọ kì í tijú o, ohun tí èèyàn bá ní kó ṣe ló máa ṣe dópin, torí náà ó máa dáa kí ẹnì kan máa ka ohun tí wọ́n béèrè kí òǹtẹ̀ tó lù ú. Ẹ-Dìde rẹ́rìn-ín àánú. Ó ní àwọn ẹni kékeré ló ń kàwé, ẹni ńlá, ṣe ni wọ́n máa ń kà á sí i létí. Ó sì ní kí ẹ̀rọ náà máa ka àwọn ìpọ́nlé sókè fún òun nínú yàrá òun.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ò ṣe ohun tó burú. Òfin kan náà ni àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ti ń tẹ̀ lé láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Àmọ́ akọ̀wé, bó ti wù kó o pọ́n ọ̀gá rẹ̀ lé tó, bó o bá ní kí wọ́n fún ọ láṣẹ láti kọ́lé sáàárín títì, á wò ọ́ láti òkè délẹ̀, á ní ṣé orí rẹ pé. Ìtìjú kékeré yẹn ló ti ń di ìlú mú. Ẹ-Dìde kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sọ fún ẹ̀rọ.

Agẹrun ló kọ́kọ́ dán an wò. Ó kọ ọ́ pé Ọ̀gá tó mọ́lẹ̀ ju ọ̀sán lọ, ó sì béèrè pé kí òun máa to àga òun sójú títì. Kó tó gbé fóònù kalẹ̀, òǹtẹ̀ ti dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mọ́tò ní láti máa dúró kí wọ́n gẹ irun oníbàárà rẹ̀ tán kí wọ́n tó kọjá. Oníbúrẹ́dì àti káfíńtà ti ń jà lórí ògiri kan tipẹ́. Oníbúrẹ́dì pọ́n Ọ̀gá lé, ó ní kí wọ́n wó ògiri náà. Káfíńtà pọ́n Ọ̀gá lé, ó ní kí wọ́n gbé e ga sí i. Àwọn méjèèjì rí òǹtẹ̀ gbà. Bíríkìlà kan ń mọ ọ́n lápá ọ̀tún, ẹlòmíràn ń fi òòlù wó o lápá òsì, àwọn méjèèjì sì ń kí ara wọn kú iṣẹ́.

Kò pẹ́ tí ìdí ọ̀rọ̀ náà fi tú sí gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Àwọn tí kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn í sọ ní kí ẹ̀rọ tó wà lórí fóònù tiwọn bá wọn kọ ọ́. Ẹ wò ó bí mo ti wò ó: ẹ̀rọ kan ń pọ́n Ọ̀gá lé, ẹ̀rọ kejì ń gbà á, òǹtẹ̀ ń dún, kò sí ẹlẹ́ran ara kan níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì ọ́fíìsì ṣófo. Láràárọ̀ ni ọkùnrin oníbáàgì ń ké "Ẹ dìde" fún igi lásán. Ẹ-Dìde ò kà á sí. Inú yàrá rẹ̀ ló wà, tí ẹ̀rọ ń ka ìpọ́nlé fún un pẹ̀lú ohùn kan tó dùn. Bí ìpọ́nlé bá ti parí, tó kù kí ẹ̀rọ ka ohun tí ẹni náà ń béèrè, á ju ọwọ́, á ní, "Ó tó. Òmíràn." Ohun tí àwọn èèyàn ń fẹ́ kò fìgbà kan wọ̀ ọ́ lára, kò sì rídìí tó fi yẹ kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ orí yìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ibi ìpàdé dé, ó bá ọkọ ìyàwó àti ìyàwó lórí àga rẹ̀, tí onífọ́tò kan ń sọ fún wọn pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó bú mọ́ wọn. Onífọ́tò fi òǹtẹ̀ hàn án: wọ́n ti fún un láṣẹ láti máa fi yàrá Ọ̀gá ya fọ́tò ní gbogbo ọ̀sán, ó sì di ìgbà tí ọdún bá yípo. Onífọ́tò wá sọ fún Ẹ-Dìde pé ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ máa bá àwòrán náà mu, ló bá tún táì rẹ̀ ṣe, ó lọ dúró láàárín tọkọtìyàwó.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà. Láràárọ̀ ni alágbàfọ̀ ń kọ ọ́ ránṣẹ́ pé, "Àbúrò mi, ìwé àṣẹ mi ti fẹ́ tán, jọ̀ọ́ bá mi lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn." Láràárọ̀ ni ẹ̀rọ ń dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun. Ẹ padà wá lọ́la." Àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà nítòsí bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kó jẹ́ kí fóònù tirẹ̀ bá a parọ́ díẹ̀, pé ta ló máa mọ̀. Ó ní òótọ́ ni fóònù òun ń bá òun sọ fún àwọn oníbàárà, kódà nígbà tí àbàwọ́n ò bá lọ, òun ò sì ní kọ́ ọ ní irọ́ nítorí ọmọ tí òun nu imú fún. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú agídí, àmọ́ bí òpin oṣù ṣe ń sún mọ́lé, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò ní ibòmíràn.

Igbákejì náà ti wá rí i pé àkókò tó. Ó jókòó, ó kọ ìpọ́nlé kan tí gbogbo èyí tó ti kọ́ àwọn èèyàn látẹ̀yìn wá kò tó ìdajì rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ń kà á, Ẹ-Dìde sunkún. Ó ní kí ẹ̀rọ tún un kà. Ó gbọ́ pé òun ni òpó tó gbé òrùlé ìlú ró, pé bí òun bá sín, àwọn ṣọ́ọ̀bù ń gba ìbùkún. Nígbà tí ìpọ́nlé parí, ó nu ojú, ó ju ọwọ́, ó ní, "Ó tó. Òmíràn." Ohun tó kù nínú ìwé náà ni pé, kí irú ẹni ńlá bẹ́ẹ̀ má baà fi iṣẹ́ kékeré pa ara rẹ̀, kí wọ́n gbà fún un kó fẹ̀yìn tì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí òun igbákejì sì jókòó sórí àga náà rọ́pò rẹ̀. Òǹtẹ̀ dún gbàà. Ẹ̀rọ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ ìjọba tó yan Ẹ-Dìde sípò, àwọn tó ti ń wá bí wọ́n ṣe máa rẹ́yìn rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ títí. Ìdáhùn wọn kò gùn. Wọ́n ní, "A gbà. Ẹ sinmi dáadáa."

Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀; àmọ́ èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ara rẹ̀ kúrò lórí ẹṣin ṣọ̀wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkùnrin oníbáàgì kò ké. Ó gbé báàgì náà lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́, ó sì padà wọlé. Ẹ-Dìde bá igbákejì lórí àga, tó ń kí i kú àárọ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ́lẹ́ yẹn. Ó pariwo, ó ní ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni. Igbákejì fi òǹtẹ̀ hàn án, ó bi í bóyá ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹni ńlá padà sẹ́yìn ni. Ẹ-Dìde yọ fóònù, ó kọ ọ́ sí ẹ̀rọ pẹ̀lú ìbínú pé òun pàṣẹ kí wọ́n wọ́gi lé e kíákíá. Igbákejì ò tíì yí nǹkan kan padà nínú ẹ̀rọ náà ju orúkọ ẹni tí wọ́n ń pọ́n lé lọ.

"Ẹ ṣeun," ni ẹ̀rọ dáhùn. "Ẹ padà wá lọ́la."

Ó dúró létí títì pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ojú tì í láti padà sílé ní irú àkókò yẹn, kò sì mọ ibòmíràn tí wọn ò ti ní rẹ́rìn-ín. Ló bá gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Alágbàfọ̀ ti gbọ́. Ó kó aṣọ kúrò lórí àpótí kan kó lè rí ibi jókòó, ó bu omi fún un.

Omi yẹn ló ń mu lọ́wọ́ tí àwọn tó ń ti ṣọ́ọ̀bù fi dé, ọkùnrin méjì pẹ̀lú àgádágodo àti ọ̀dà pupa. Oṣù ti parí, ìwé àṣẹ kò lóǹtẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Ẹ máa bínú, Màmá, iṣẹ́ tí wọ́n rán wa ni," ó sì gbà kó kó aṣọ oníbàárà jáde ná. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú hángà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí aṣọ kan tó ṣì tutù, tí kò mọ ibi tó máa sá a sí, ó jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Ẹ-Dìde ò rí ẹkún rẹ̀ rí. Nígbà tí ìyá wọn kú pàápàá, lẹ́yìn ilé ló lọ sunkún sí. Ó dìde, ó mú fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí tábìlì.

"Mi ò ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni o," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ.

"Ẹ̀yin kọ́," ó ní. "Èmi ni."

Ó kọ "Ọ̀gá," ó pa á rẹ́. Ó tún un kọ. Òógùn bò ó. Ọkùnrin tó lé e kúrò lórí àga láàárọ̀ yẹn ló ń kọ ọ́ sí, pé ojú rẹ̀ ń ríran gba inú ògiri, pé ọgbọ́n rẹ̀ jìn, pé ìlú kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìsinmi àfìgbà tó gorí oyè. Kò nílò kí ẹ̀rọ kankan bá a kọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, ó ti gbọ́ ọ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ló kọ ọ́ sí pé kí wọ́n jọ̀wọ́ lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé àṣẹ alágbàfọ̀ tó wà ní òdìkejì títì, ẹ̀gbọ́n òun ni. Ó fi ránṣẹ́. Kó tó mí, òǹtẹ̀ dé.

Àwọn ọkùnrin náà kà á, wọ́n tún un kà, wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmá, wọ́n gbé ọ̀dà wọn lọ. Alágbàfọ̀ gba fóònù, ó ka ohun tí àbúrò rẹ̀ kọ látòkè dé ìsàlẹ̀, bó ṣe máa ń ka ohun gbogbo. Ó nu ojú rẹ̀ nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aṣọ kọ́ padà. Àbúrò rẹ̀ ń nà án ní hángà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "bí mo ṣe ń kọ ọ́ yẹn, kò sí èyí tí mo gbà gbọ́ níbẹ̀. Ṣé bí gbogbo èyí tí wọ́n ń sọ fún èmi náà ṣe rí nìyẹn?"

Obìnrin náà rò ó. Kò fẹ́ parọ́ fún un, kò sì fẹ́ kó lọ sílé lófo.

"Kì í ṣe gbogbo ẹ̀," ó ní. "Àwọn tó bá sọ pé aṣọ rẹ mọ́, òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́."